Ìwé Abẹ́ Tábìlì Kẹrin

Ní Bọ́fálò, níbi tí adágún ti ń da yìnyín sórí òrùlé
bí ẹni ń ku ìyẹ̀fun sórí àtẹ,
ilé oúnjẹ Indovina ṣì ń tan iná pupa rẹ̀.
Lẹ́tà mẹ́jọ ló wà lójú pátákó,
méjì ti kú láti ọdún tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa bọ́ọ̀sì ìlú.
Kò sẹ́ni tó ṣìnà nítorí ẹ̀.
Òórùn ááyù ló ń júwe ilé.

Calogero ló dá a sílẹ̀.
Ó ti Sísílì wá pẹ̀lú àpótí kan, ìkòkò bàbà kan,
àti ahọ́n tí kò mọ èdè ẹnikẹ́ni ládùúgbò.
Bó bá fẹ́ ní "ẹ jókòó," á fa àga.
Bó bá fẹ́ ní "ẹ jẹun," àwo ti dé iwájú ẹ,
ọbẹ̀ tòmátì tó ti ń hó láti ìdájí,
wàràkàṣì lórí ẹ̀ bí yìnyín tí kò tutù.

Lọ́dún tí ilé iṣẹ́ irin ti ilẹ̀kùn pa,
àwọn ọkùnrin tí ń yọ́ irin bí ẹni yọ́ bọ́tà
padà sílé lọ́sàn-án gangan,
wọn ò mọ ibi tí wọn yóò kó ọwọ́ sí.
Calogero ò bi wọ́n ní nǹkan kan.
Ó ra ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa,
ó fi okùn so pẹ́ńsù mọ́ ọn:
Kulpa, àwo méjì. Ọmọ Kulpa, àwo kékeré.
Ruffin, ọbẹ̀ ẹ̀wà, ẹ̀ẹ̀mẹta.
Kulpa. Kulpa. Kulpa.
Ìwé kún, kò rà á ní èkejì;
ó ń kọ ọ́ sí etí ewé.
Kò sí àlejò tó rí i kó ṣí i níwájú òun.

Calogero papò dà. Rosalba ọmọ rẹ̀ gba ìkòkò.
Àwọn onílé gíga wá fowó lọ̀ ọ́, ó fún wọn ní búrẹ́dì.
Ọ̀dọ́mọdé kan bèèrè sùpàgẹ́tì tí kò ní ìyẹ̀fun nínú,
ó wò ó bí ẹni tó bèèrè odò tí kò lómi.
Tábìlì kẹrin ló ń yọ ọ́ lẹ́nu,
èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú.
Ó ki páálí bọ̀ ọ́, ó ki ìdérí ìgò bọ̀ ọ́,
wáìnì ṣì ń dà sí aṣọ oníyàwó.
Lọ́jọ́ kan ó ki ìwé pupa yẹn bọ̀ ọ́.
Wẹ́kú.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, yìnyín dé orúnkún.
Bàbá arúgbó kan wọlé, ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, àpòòwé lósì.
Ó ní, "Kulpa ni mí. Èmi ni àwo kékeré.
Ọdún mọ́kànlélógójì rèé. Ẹ gbé ìwé wá."
Rosalba na ìka sísàlẹ̀.
"Bí mo bá fà á yọ, ọbẹ̀ á dà sí yín lára.
Gbèsè yín ló gbẹ́sẹ̀ tábìlì dúró.
Ẹ jókòó."

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó wo abẹ́ tábìlì
pẹ́, bí ẹni ń wo ọmọ tó sùn.
Ó jẹun. Ó rọra dìde.
Ó fi àpòòwé sábẹ́ ìgò iyọ̀,
Rosalba sì sáré tẹ̀ lé e láìwọ kóòtù,
ó ń pariwo èdè bàbá ẹ̀ nínú yìnyín.

Ó ku èmi nìkan.
Mo ti ń jókòó sí tábìlì kẹrin láti ọjọ́ yìí,
mò ń bú ẹsẹ̀ ẹ̀ nígbà tó ń mì,
mi ò bèèrè ohun tó mú kó dẹ́kun mímì.
Ruffin lèmi náà ń jẹ́.
Bàbá mi sọ fún wa nígbà náà pé òun ti jẹun níbi iṣẹ́,
a sì gbà á gbọ́.
Mo fi búrẹ́dì nu ìyókù ọbẹ̀,
mo gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì.
Kò mì.